Ìgò Mọ́kànlá

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí n padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Mọ̀pà.
Mo kà á lára kàlẹ́ńdà ìjọ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn,
mo tún un kà, mẹ́sàn-án náà ni.
Dúnsìn kò mọ̀ pé ìjọba ń ka ọjọ́ fún òun.
Ó sùn lọ pẹ̀lú orí ọmú lẹ́nu,
ọwọ́ rẹ̀ kan di ẹ̀gbà ọrùn mi mú
bí ẹni di okùn ewúrẹ́ mú lọ́jà Ìsánlú.

Aago mẹ́rin ìdájí. Ọyẹ́ ti da aṣọ bo òkè.
Mo jókòó sẹ́bàá fèrèsé, mo gbé ẹ̀rọ lé àyà:
ike kékeré, rọ́bà, ọwọ́ tí à ń tẹ̀.
Ẹ̀gbọ́n mi ló rà á ní Lókójà,
ó fi ránṣẹ́ nínú àpò ìrẹsì.
Ó ń dún fìn-ín, fìn-ín,
bí ẹni tó ń fi ìtìjú sunkún.
Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀kán mẹ́ta péré.
Ìyá ọkọ mi yọjú láti yàrá kejì.
"Ọ̀kun o." Ó wo ẹ̀rọ, ó wò mí.
"Ṣé màlúù ni wọ́n sọ ẹ́ dà ni?"
Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ló ṣí i:
wàrà tú jáde, ó gbóná, ó ta sí mi níka.

Ilé wa kò ní fìríìsà.
Ọ̀dọ̀ Màmá Rúùtù ẹlẹ́ja dídì ni mo ń gbé e lọ,
ìgò nínú ọ̀rá, ọ̀rá nínú ike onídèérí;
mo lẹ pílásítà mọ́ ọn, mo kọ ọjọ́ sí i lára.
Ó ti fi páálí pààlà igun kan fún mi,
jìnnà sí títù, jìnnà sí pánla.
Àwọn oníbàárà ń bi í léèrè.
Ó ní àlejò kan ló ni ín, kò tíì heyín.

Ìgò mọ́kànlá.
Lọ́jọ́ Ẹtì, iná lọ.
Àbámẹ́ta, kò dé. Jẹnẹrétọ̀ kọ̀ jálẹ̀.
Màmá Rúùtù ta ẹja rẹ̀ ní ọ̀pọ̀,
ó pa yìnyín tó kù mọ́ dè mí,
ó fi àpò ìdọ̀họ méjì wé ìgò mi bí ìkókó.
A ṣí i lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn:
márùn-ún ṣì le bí òkúta. Mẹ́fà ti yọ́.

Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé èèyàn lè ṣọ̀fọ̀ wàrà.
Mo ka pílásítà wọn: èyí ni òru tí ikọ́ ń ṣe é,
èyí ni ìdájí tí mo sùn lọ lórí àga,
èyí, mo ti gbàgbé, àfi ọjọ́ tí mo kọ sí i.

Mo fẹ́ dà á sẹ́yìnkùlé. Ìyá ọkọ mi gbá ọwọ́ mi mú.
"Má jẹ́ kí eèrà lá a. Wọ́n ní ọmú á gbẹ."
Ó bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí bàsíà, ó da mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí i,
ó gbé Dúnsìn sínú ẹ̀, ó ń bù ú sí i léjìká,
omi funfun bí ìkùukùu tó ń sọ̀ lórí òkè.
Ọmọ ń fi ẹsẹ̀ gbá a, ó ń lá ètè.

Lọ́la, Mọ̀pà.
Ọ̀gá Mẹ́sẹ̀kọ́ ní kí n máa lo yàrá ìkẹ́rùsí,
láàárín ṣọ́ọ̀kì àti bọ́ọ̀lù tí kò ní atẹ́gùn nínú mọ́.
Kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ ti bàjẹ́; n ó fi àga ti ilẹ̀kùn.
Ìgò márùn-ún, ọmọ kan, láti àárọ̀ títí aago méjì.
N kò tíì mọ̀ bí yóò ṣe tó.

Lálẹ́, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn yàrá mi.
"Gbé ẹ̀rọ ẹ jáde. Iná ti dé."
Mo jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Fìn-ín, fìn-ín.
Lódìkejì ògiri, ìyá ọkọ mi gbé Dúnsìn pọ̀n,
ó ń fi ẹnu sín ẹ̀rọ náà jẹ,
fìn-ín, fìn-ín,
kí ọmọ lè sùn.