Ilẹ̀ Lórí Kọnkéré

Ní Gdańsk, lẹ́yìnkùlé ìyá àgbà Bogumiła,
kò sí ibi tí ọkọ́ lè bù jẹ.
Kọnkéré ni láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná
títí dé ara ògiri wa,
ó le koko, ó mọ́ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.
Zenon ọkọ rẹ̀ ló dà á, lọ́dún tó fẹ̀yìn tì
lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn ní èbúté.
Ó ní ẹrẹ̀ tí òun ti tẹ̀ láyé òun ti tó.

Zenon ti kú báyìí, ọdún kẹta rèé.
Lóṣù Ẹrẹ́nà ni màmá ránṣẹ́ pè mí,
èmi Kazik ará ilé kejì, tí mo ní ayùn oníná.
“Mo fẹ́ gbin nǹkan.”
Mo ní kò burú, n ó gbé òòlù ńlá wá,
ọjọ́ kan péré, kọnkéré ti di ẹ̀rún.
Kò dá mi lóhùn.
Ó fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ tọ́ka sí igun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà:
àtẹ́lẹwọ́ Zenon wà níbẹ̀,
ìka mẹ́rin àti ààbọ̀ (ẹ̀rọ ló gé ìyókù),
ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ kí símẹ́ńtì tó gbẹ.
Ewé gbígbẹ kan ti bọ́ sí ojú àtàńpàkò.
Mo gbé òòlù mi padà sílé.

Bí a kò bá lè walẹ̀ lọ sísàlẹ̀,
ṣebí a lè gbé ilẹ̀ wá sókè.
Pákó tí àwọn kọ́lékọ́lé ti lò tì ni mo rà,
ẹnìkan ti fi ìṣó kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ sára ọ̀kan.
Mo gé e, mo kàn án, àpótí mẹ́ta tí kò nídìí,
gíga wọn ga ju orúnkún màmá lọ,
orúnkún tí kì í gbà láti kúnlẹ̀ mọ́ àfi ní ṣọ́ọ̀ṣì.
Àkọ́kọ́ ni mo gbé dábùú.
Màmá da tíì inú ife rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ń dán an wò:
tíì náà sáré gẹ̀rẹ́, ó kan pákó, ó dúró.
“O ti dí ọ̀nà omi ọkọ mi.”
Mo yí i padà, mo fi àfọ́kù bíríkì gbé ìdí rẹ̀ sókè.
Ó da ife kejì. Ó lọ.

Ó wá ku yẹ̀pẹ̀.
Ilé náà kò ní ọ̀nà ẹ̀gbẹ́,
inú pálọ̀ la gbà, àpò mẹ́tàlélógójì,
lórí ìwé ìròyìn tí a tẹ́ bo kápẹ́ẹ̀tì,
níwájú fọ́tò Zenon tó de táì,
ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí bàtà ẹlẹ́rẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà.
Àpò kan ya.
Yẹ̀pẹ̀ dúdú dà gbuuru sórí àga rẹ̀.
Mo dúró, mo ń wojú màmá.
Ẹ̀rín ló bú sí, ó rín títí ó fi jókòó lórí yẹ̀pẹ̀ náà.
“Zenon! Ẹrẹ̀ ti bá ọ dé pálọ̀!”
Nígbà tó nu ojú rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló nù.

Ọkọ kan ọkọ̀, kò gba ọkọ́ láyè.
Ìyàwó kó ilẹ̀ sínú ọkọ̀ mẹ́ta
tí kò ní rìn lọ síbì kankan.

Ó ti di Òkúdu. Àlùbọ́sà ti na ọrùn,
ìgbín ti jẹ ìdajì kábéèjì,
kárọ́ọ̀tì tó yẹ kó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ hù bó ṣe wù ú.
Bí màmá bá bomi rin wọ́n tán,
omi á yọ́ jáde lábẹ́ pákó,
á kọ́kọ́ kún ọwọ́ Zenon kí ó tó wọ gọ́tà.
Àwọn ológoṣẹ́ ń mu nínú rẹ̀.

Lánàá ó gbé ọbẹ̀ pupa kan fún mi lórí ògiri,
bíìtì inú àpótí kejì ló fi sè é.
Yẹ̀pẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń dún lábẹ́ eyín mi.
N kò sọ. Mo lá abọ́ náà mọ́.