Orúkọ Kẹtàdínlógún

Ọjọ́rú la gbé e lọ sí mọ́ṣúárì ní Àkúrẹ́,
torí èyí tó wà nítòsí wa kò ní iná láti Sátidé.
Akíntádé ló wakọ̀. Èmi jókòó tì í lẹ́yìn,
mo ń di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú níbi gbogbo tí kòtò bá wà,
bí ẹni pé yóò dùn ún.

Nílé, ní Òdósídà, ìpàdé ẹbí ti bẹ̀rẹ̀ ká tó dé.
Ọjọ́ wo? Pósí wo? Ta ni yóò ṣe ibojì?
Bàbá Igbókọ̀dá ní màlúù méjì kò tó,
ẹni tó rán ọmọ mẹ́fà níwèé
kì í ṣe ẹni à ń fi ewúrẹ́ sin.
Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ń ṣírò lórí ìka:
ìka tán, ìnáwó ò tán.
Katikíìsì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, fìlà lórí orúnkún.
Ó ní, "Fádà ti fún wa ní Sátidé kejì oṣù kọkànlá.
Aago mẹ́wàá ni Mísà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí òkú pẹ́ dé."

Mo wọ yàrá rẹ̀ lọ wá aṣọ tí a ó wọ̀ fún un.
Òórùn àbẹ́là, òórùn àdí-àgbọn.
Aṣọ ẹgbẹ́ àwọn ìyá, ó ti lọ̀ ọ́ sílẹ̀,
ojú ìlà rẹ̀ ṣì mú bí ọ̀bẹ.
Abẹ́ aṣọ ni ìwé wà, ìwé gbèsè kòkó,
èyí tó fi ń kọ iye kílò, iye àpò,
ẹni tó jẹ, ẹni tó san, ẹni tó ń sá.

Lẹ́yìn ìwé náà, orúkọ mẹ́rìndínlógún.
Kò sí kílò níwájú wọn.
Bàbá wa ni àkọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, Rẹ̀mílẹ́kún,
ọmọ ọjọ́ mẹ́ta
tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ rẹ̀ fún wa rí.
Awakọ̀ lọ́rì kan tó kú sójúde wa nígbà òjò.
Ọmọ Àgàtú tó ń bá wa ro oko,
ó kọ orúkọ rẹ̀ bí ẹnu rẹ̀ ṣe gbà á: Ọ́ṣẹ́.
Orogún rẹ̀, tí wọn kò kí ara wọn fún ogún ọdún.
Níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, àmì pẹ́ńsùlù, ọdọọdún,
gbogbo oṣù kọkànlá tó fi àpòòwé ránṣẹ́ sí Fádà
pé kó bá òun rúbọ Mísà fún wọn.
Òkú kì í wá sin gbèsè.
Ẹni tó jẹ ẹ́ ní í rántí.

Lábẹ́ orúkọ, ó kọ ọ́ gbàgàdà:
*Ẹ má yáwó sin mí.
Ẹ má fi fọ́tò àìsàn síwèé.
Rósárì onígi ni kí ẹ fi sí mi lọ́wọ́,
ti fàdákà, ẹ tà á, ẹ fi tún òrùlé ṣe.*

Mo gbé e jáde, mo kà á sókè.
Bàbá Igbókọ̀dá tún fìlà dé.
Màlúù di ẹyọ kan.

Akíntádé kò sọ nǹkan kan.
Ó ti fi ṣọ́ọ̀ṣì wa sílẹ̀ lọ́dún méjìlá sẹ́yìn,
ó ń jọ́sìn ní gbọ̀ngàn kan lọ́nà Ọ̀rẹ̀,
níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni pé àdúrà
kì í bá òkú kọjá ẹnu ibojì.
Lọ́jọ́ Mísà, ẹ̀yìn pátápátá ló dúró,
tùràrí ń mú un sín.
Bí a ṣe da iyẹ̀pẹ̀ tán, mi ò rí i mọ́.

Lálẹ́, nígbà tí wọ́n ń kó àga onírọ́bà jọ,
ó bá mi ní kíṣínì. "Ìwé yẹn ńkọ́?"
Ó tọrọ báírò. Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́,
lẹ́tà gbàǹgbà-gbàǹgbà bí ọmọ kíláàsì kejì:
*Filomína Akínnáwọ̀nú.*
Ó yọ àpòòwé funfun kan lápò kóòtù,
ó ní kí n bá òun mú un dé ọ̀dọ̀ Fádà.
"Mi ò gbà á gbọ́ o."
Mo ní, "Mo mọ̀."
Ó ní, "Ṣùgbọ́n ìwé gbèsè ni."