Ibi tí Ọkọ̀ ń Sùn

Ní Kàbà, a ò ní òkun.
Okun la ní, èyí tí a fi ń kí ara wa láàárọ̀:
"Okun o."
"Okun."
Ẹ̀gbọ́n mi, Tọlọ́runjù, ló fa ohùn ọ̀rọ̀ náà wálẹ̀,
ó lọ ń fọ aṣọ ibùsùn nínú ọkọ̀ ojú omi
tó ga tó ilé alájà mẹ́sàn-án,
tó ń kó àwọn tó ń gbafẹ́ kiri erékùṣù.

Ọjọ́ Sátidé nìkan ni fóònù rẹ̀ ń wọlé,
nítorí Sátidé ni ọkọ̀ ń padà sí èbúté rẹ̀.
"Èbúté rẹ̀ kẹ̀?" Bàbá mi gba fóònù lọ́wọ́ mi.
"Ṣebí omi kan náà ni gbogbo rẹ̀?
Kí ló dé tí kò fi gbéra níbi tó bá wù ú?"

Ìbítóyè, bàbá mi, wa lọ́rì fún ọdún mọ́kànlélógún.
Kì í ṣe ìbéèrè lásán.

Tọlọ́runjù ní ìlú náà súnmọ́ pápá ọkọ̀ òfurufú.
Ó ní àwọn èrò kan ń wa mọ́tò ara wọn wá,
wọ́n á gbé e sí ẹ̀bá èbúté fún ọjọ́ méje.
Láti ibẹ̀, òru kan, ọ̀sán kan, erékùṣù àkọ́kọ́ ti dé;
bí wọ́n bá gbéra lápá òkè lọ́hùn-ún,
ojú ọ̀nà ni ìsinmi wọn máa tán sí.
Ó tún ní afárá kan dábùú ẹnu èbúté,
ọkọ̀ tó bá ga jù ú lọ kò lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.
Àwọn òmìrán ń sùn níbòmíràn.
Tiwa tó kúrú díẹ̀ ló ń sùn níbẹ̀.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.
Bàbá mi kúrú.

"Ó yé mi," ó ní. "Ó yé mi dáadáa.
Mọ̀pà ní èrò, Ìyàrà ní iṣu,
síbẹ̀ Kàbà ni lọ́rì mi ń sùn.
Ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀ já síbẹ̀, ọ̀nà Òmùò já síbẹ̀,
ti Òkène, ti Lọ́kọ́ja.
Olúṣíjí fọkanáísà ń bẹ níbẹ̀,
tó ń dìde lóru láìbínú.
Ìyá Aiyédùn ń se ẹ̀wà kí àkùkọ tó kọ,
ó sì mọ̀ pé n kì í jẹ ata.
Mo lọ dúró sí Ìyámoyè lọ́dún kan,
nígbà tí kofí ń pọ́n.
Èrò wà. Ẹrù wà.
Oṣù mẹ́ta péré ni mo lò, mo sá wálé.
Kò síbi tí lọ́rì máa yí sí.
Ọmọ mi, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ríbi yí."

Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà.
Kò gbójú sókè.
"Bi í," ó ní, "ọjọ́ méje méje ni ọkọ̀ ń padà sílé.
Òun ńkọ́?"

Mo bi í.
A ń gbọ́ tí wọ́n ń já ẹrù lẹ́yìn rẹ̀,
ọ̀sàn, ẹyin, ẹran inú yìnyín,
ẹnìkan ń pariwo ní èdè tí a ò gbọ́.
"Ẹ sọ fún Màmá pé àdéhùn mi ku oṣù mẹ́rin."
Oṣù mẹ́rin kan náà ló kù lọ́jọ́ Àjíǹde.

Ìyá mi nu ọwọ́ sára ìró, ó gba fóònù.
"Tọlọ́runjù. Kò sí pápá ọkọ̀ òfurufú ní Kàbà.
Odò ẹ̀yìn ilé yìí, orúnkún ni.
Mo mọ̀.
Àmọ́ ibi tí o máa yí sí wà."

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já.
Tàbí òun ló pa á, n ò mọ̀.

Nírọ̀lẹ́ mo rí i tó ń fa àpò sìmẹ́ńtì méjì,
tí wọ́n ti gan láti ọdún tó kọjá,
jáde nínú yàrá ẹ̀gbọ́n mi.
Mo bá a gbé ìkejì.