Ọ̀kẹ́ Méjì Àwòrán

Ọdún mọ́kàndínlógójì ni bàbá mi fi ya fótò n'Ìkọ̀lé,
nọ́ńbà nìkan ló ń kọ sẹ́yìn wọn.
Orí ló fi ń rántí ẹni tó ni ín.
Nígbà tí orí náà lọ,
ó ku èmi, ó ku páálí mẹ́rìnlá tí ìkán ti tọ́ wò,
ó ku ìwé gbèsè rẹ̀, ẹ̀yìn pupa, tí òróró ti mu.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi dà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà,
bí iná bá wà.
Ọ̀kẹ́ méjì àwòrán, ó lé igba,
gbogbo wọn sùn sínú fódà kan ṣoṣo
bí èrò tí òjò ká mọ́ abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀.
Àbúrò mi ní, "Ta ni yóò fọwọ́ ṣà wọ́n?
Ẹ jẹ́ ó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ìkarahun ni wọ́n ń pe ibi dúdú yẹn
tí kò ní àwòrán, tí kò ní bọ́tìnnì,
kìkì àmì kékeré kan tó ń ṣẹ́jú,
tó ń retí ọ̀rọ̀.
Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e.
Lóru ọjọ́ yẹn n kò mọ ta ni ìgbín nínú àwa méjèèjì.

Ìlà mọ́kànlá ni mo kọ,
ọyẹ́ ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé:
Mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.
Wo nọ́ńbà rẹ̀, wá a nínú ìwé gbèsè.
Bí o bá rí orúkọ, dá fódà sílẹ̀ fún un, gbé e síbẹ̀.
Bí o kò bá rí i, gbé e lọ sí "Ó-ti-san".
Ṣùgbọ́n má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan o,
kọ́kọ́ sọ ohun tó o fẹ́ ṣe fún mi, kí n gbọ́.

Ó sì sọ ọ́.
Ó ní òun fẹ́ gé Ìyá Elépo Àyèdún sí mẹ́ta:
Ìyá níbì kan,
Elépo níbì kan,
Àyèdún, ìlú odindi, nínú fódà tirẹ̀.
Àlàfo ló ń rò pé ó jẹ́ ààlà.
Mo rẹ́rìn-ín, àyà mi sì já;
ká ní mo ti ní kó máa lọ ńkọ́?
Mo fi àmì àyọlò há orúkọ lọ́tùn-ún lósì,
bí a ti ń fi ọ̀já gbá ọmọ mọ́ ẹ̀yìn.
Ìyá Elépo Àyèdún. Odindi.

Mo wá ní, ó yá.
Ìṣẹ́jú mẹ́rin.
Omi tí mo gbé kaná kò tíì hó.

Ẹgbàá méjìdínlógún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wọ "Ó-ti-san":
ìyàwó, àpọ́n, ọmọ ìkókó lórí aṣọ funfun,
òkú tí wọ́n gbé jókòó.
Wọ́n sanwó, kò sẹ́ni tó kọ orúkọ wọn.
Onígbèsè nìkan la mọ̀.
Bàbá, ṣé bí ayé ti rí nìyẹn?

Màmá wọlé, ó mú jígí rẹ̀ lójú, ó ń kà wọ́n:
"Fáyọmí Kápẹ́ńtà! Olè.
Tíṣà Ìjẹ̀sà-Isu, ó kú lọ́dún tí afárá já."
Ó dákẹ́.
Fódà kan ń jẹ́ Ìbírónkẹ́, àwòrán ẹyọ kan nínú rẹ̀:
ọmọbìnrin kan, ọrùn gígùn, kò rẹ́rìn-ín,
ó di apá àga mú bí ẹni pé yóò fò lọ.
Ṣílè mẹ́ta. Kò tíì san.

"Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló wá sin owó yẹn nílé wa," Màmá wí.
"Ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, ó gbé iṣu wá."

Mo ní ṣé kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ti san?
Ó yọ jígí, ó fi ìdí ìró nù ún.
"Fi síbẹ̀. Mo ṣì jẹ ẹ́."