Ihò Kan Lórí Yìnyín

Ní Oulu, oòrùn oṣù Kejìlá kì í ju wákàtí mẹ́ta àbọ̀ lọ.
Á yọjú bí àlejò tí a ò se oúnjẹ dè,
á sì padà.
Aulikki ti wà nídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kó tó dé,
ó ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tó lọ.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ ilé sórí ìwé.
Kò gbé bíríkì, kò po sìmẹ́ǹtì.
Á kọ ọ́ pé, "Kí sáfà mẹ́ta wà, kí ògiri yí wọn ká,
kí ìlẹ̀kùn kan ṣí, kí èyí tó kù wà ní títì."
Irinṣẹ́ á ka ìwé náà, ilé á dìde
níbi tí ojú ò tó.

Inú kọ́ńténà ni irinṣẹ́ ọ̀hún ń gbé.
Nígbà kan, kọ́ńténà náà kún bí àjà ilé arúgbó:
fèrèsé àṣẹ méjì,
ohun tí ń fa nǹkan wálé láti òde,
ètò ìyàwòrán kan tí kò sẹ́ni tó rántí ẹni tó fi síbẹ̀,
àti kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé, tí ẹnì kan gbàgbé sábẹ́ ẹní.

Wọ́n ní bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ ọ́.
Aláǹgbá ò sí ní Oulu nígbà òtútù.
Ògiri lanu síbẹ̀, èèyàn ló wọlé.
Àkàbà tí a fi kọ́lé, òun náà ló gùn,
orúkọ wa ló fi pàṣẹ,
nítorí ọba la fi irinṣẹ́ jẹ nínú àpótí rẹ̀.
Kí ilẹ̀ tó mọ́, sáfà mọ́kànlélọ́gọ́rin
ti di ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Èmi ni mo fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ ẹní.

Kò bú mi.
Ó mú mi lọ sórí òkun dídì lọ́jọ́ Àìkú,
síbi tí Urpo baba rẹ̀ ti ń pẹja:
ìwọ̀ kan, fúláásì kọfí kan,
irin kan tó fi ń dá yìnyín lu.
Mo ní, "Bàbá, ẹ ò ṣe lu ihò mẹ́wàá, kí ẹja lè pọ̀?"
Kò gbójú sókè.
"Ihò tí mi ò jókòó tì,
ẹsẹ̀ ọmọ ẹlòmíràn ni yóò bọ́ sínú rẹ̀."

Lọ́jọ́ Ajé, a bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù jáde.
Fèrèsé àṣẹ lọ. Ètò ìyàwòrán lọ.
A ṣí adé lórí irinṣẹ́, a fún un ní nọ́ńbà, ó di ará ilé lásán.
A lu òǹtẹ̀ sára àpótí, kí ẹni tó gbà á lè mọ̀ pé àwa la dì í.
Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Ẹnu ọ̀nà la ti ń fún un,
fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré,
á sì yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.
A kó, a kó, inú wa ń dùn:
mẹ́gábáìtì ẹgbẹ̀rún kan di àádọ́fà.

Lálẹ́, ó kọ̀, kò ṣiṣẹ́.
Mo fẹ́ wọlé lọ wò ó, kò sọ́nà. Àwa la dí i.
Mo jókòó síta bí olè.
Aulikki ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó sọ kó tó kú:
kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀.
A ti da ìwé-ẹ̀rí àwọn ẹni ìgbẹ́kẹ̀lé nù mọ́ pàǹtírí,
gbogbo ayé wá di àjèjì lójú rẹ̀.
Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ láti oṣù Kẹsàn-án,
ó dá fáìlì kékeré kan padà.
Ẹyọ kan.

Irinṣẹ́ ka ìwé, ó dáhùn:
mẹ́rìnlá ni n ó kọ́, ẹyọ kan ni n ó tún ṣe,
òdo ni n ó wó.

Mo ka òdo yẹn lẹ́ẹ̀mẹta.
Ó rí róbótó
bí ihò kan ṣoṣo lórí yìnyín
tí ẹnì kan jókòó tì.