Ẹ̀kán Méjì

Ọdún kẹfà rèé tí n kò jẹ ohun tó lójú.
Ẹran lójú, ẹja lójú,
ẹyin ni í di àkùkọ,
ara ohun tó lójú sì ni wàrà ti ń wá.
Àbúrò mi Oyèbísí bú sẹ́rìn-ín:
"Ẹ̀wà ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Ojú dúdú tó là kalẹ̀ yẹn,
ta ló ń wò?"
Mo ní ẹ̀wà kì í sunkún.
Mo bu gbẹ̀gìrì sórí láfún, mo jẹ, mo yó.

Òru niṣẹ́ mi, nílé búrẹ́dì Ìjẹrù,
níbi tí mo ti ń po ìyẹ̀fun títí àkùkọ á fi kọ.
Nígbà tí oòrùn bá gun orí páànù Ògbómọ̀ṣọ́,
tí páànù ń ta pó-pó bí àgbàdo yíyan,
èmi ti fa kọ́tìnì, mo ti sùn.
N kò mọ̀ pé gbèsè ni mo ń jẹ.

Egungun ló kọ́kọ́ wá béèrè owó rẹ̀.
Ìbàdí ní òun ò gbé àpò ìyẹ̀fun mọ́,
orúnkún ń ṣàròyé lórí àtẹ̀gùn.
"Ẹran tí o ò jẹ ni," gbogbo àdúgbò ló wí i.
Ìyá Adégòkè gbé omi eegun wá nínú kúlà;
mo dúpẹ́, mo dá a padà ní gbígbóná.

Dókítà fa ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní fítámì Dí kò tó.
"Ààrò búrẹ́dì kì í ṣe oòrùn, Ìyá Ìyùnadé."
Ó kọ ọ́ sínú ìwé: irinwó lẹ́kán,
ẹ̀kán méjì lóòjọ́, lẹ́yìn oúnjẹ tó lóróró.

Oyèwálé apoògùn ní Apákè gbé ike kan kalẹ̀.
Mo ní kó bá mi ka ẹ̀yìn rẹ̀.
Ó kà á, ó mirí:
"Eléyìí, ara irun àgùntàn ni wọ́n ti yọ ọ́,
awọ màlúù ni wọ́n sì fi dá ẹ̀wù fún un."
Pọ̀nmọ́ nínú oògùn!
Ó gun àga, ó nawọ́ sókè,
ó mú ìgò kékeré kan tí eruku bò:
"Ti èéhù ara àpáta nìyí,
ó ń yá oòrùn lórí òkúta, kò sì lójú."

Ó yẹ kí n gbọ́rọ̀. N kò gbọ́.
Mo ní bí ẹ̀kán méjì bá lè mú mi rìn,
ṣíbí kan á mú mi sáré.
Oṣù méjì, ìgò lórí ìgò,
mo ń dà á sínú ẹ̀kọ bí ẹni ń da epo sí èbè.

Òǹgbẹ dé, òǹgbẹ tí kànga kò lè pa.
Ìgbẹ́ há, inú ń rú, iyè mi ń ṣí lọ;
mo fi iyọ̀ sí ìyẹ̀fun lẹ́ẹ̀mejì lóru ọjọ́ kan,
gbogbo Ìjẹrù bá mi mu omi lọ́jọ́ kejì.

Ohun tó yẹ kó wà nínú egungun
ti kún inú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ń mí hẹlẹ.
Wọ́n gba ìgò lọ́wọ́ mi, wọ́n fa omi sí mi lára.
"Èyí kì í bá ìtọ̀ jáde bọ̀rọ̀," ni dókítà wí,
"inú ọ̀rá ló ń sá sí, bí àlejò tí kò mọ ilé lọ.
Ẹgbàajì lóòjọ́ ni ààlà àgbàlagbà.
Ẹni tí yóò fò ó, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ká kọ́kọ́ bi."

Oṣù mẹ́rin kọjá kí wọ́n tó ní kí n padà sí i.
Ní báyìí, bí ọ̀sán bá kan àtàrí, mo ti jí.
Mo sá olú sórí àtẹ, mo dojú ikùn rẹ̀ kọ oòrùn,
mo jókòó tì í, mo ká apá aṣọ sókè.
Oyèbísí ní, "Olú yẹn ńkọ́, ó lójú?"
N kò dá a lóhùn. Mo ń kà.
Ọ̀kan.
Èjì.
Mo dé ìgò.