Okùn Bàbá Mi

Ní Salla, òkùnkùn oṣù Kejìlá kì í ṣe eré.
Bàbá mi, Oiva, lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá,
so okùn láti ẹnu ọ̀nà dé ọgbà àgbọ̀nrín,
ó ń dì í mú lọ, ó ń dì í mú bọ̀.
Wọ́n ní ọ̀lẹ ni. Wọ́n ní ó mutí.
Ojú rẹ̀ ló ń kú láti etí wá sáàárín,
bí adágún ṣe ń di yìnyín.

Ẹni bíni là á jọ:
àwọn àbúrò mi ọkùnrin jọ ọ́ nímú, wọ́n jọ ọ́ lẹ́rìn-ín,
wọ́n sì ń wa ọkọ̀ yìnyín lóru láìkọsẹ̀.
Okùn tó ti já, kò fún ọmọkùnrin kankan.
Àwa obìnrin ló kó o fún,
Hilkka, Saimi, èmi,
kò sí èyí tó bọ́.
Síbẹ̀ ojú wa dá ṣáká.
Okùn méjì la ní, èyí tó yi ń gbé èyí tó já.
Ẹyọ kan ṣoṣo ni tọkùnrin.

Mo bí Tuure. Mo bí Eelis.
Dókítà ní bí ẹni ta owó ẹyọ sókè ni,
lórí ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Lálẹ́ àná, Tuure ń ka ìràwọ̀,
ó kà á dé mọ́kàndínlógójì.
Eelis fà mí láṣọ:
"Màmá, kí ni Tuure ń kà?"

Mi ò fèsì.
Mo wọ inú àká lọ.
Ó ṣì wà lórí ìṣó,
ó ti gbẹ, ṣùgbọ́n kò tíì jẹrà.